Ta Ló Gé Orin Náà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún, mo jáde ní ilé wa ní Òkè-Odò, mo kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Ilé-Epo, níbi tí ọmọkùnrin kan máa ń jókòó sí lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí ó ń bá àwọn ènìyàn kó orin sínú mẹ́mórì. Mo ní kí ó bá mi kó orin Ebenezer Obey. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé gbogbo rẹ̀ ni, àbí èyí tó dùn jù níbẹ̀?" Mo dáhùn láìronú pé èyí tó dùn jù ni mo fẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi parí iṣẹ́.

Ó ti lé ní ọdún kan nígbà náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún bàbá mi, tí ó sì kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ kan kí ó má fi òwe méjì tì í lẹ́yìn wá di ẹni tí ó ń wá orúkọ omi títí tí òùngbẹ yóò fi sú u. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí ohun kan: bí orin àtijọ́ bá ń lọ nínú rédíò, ẹnu rẹ̀ a máa bá a lọ. Oníṣègùn tí ó ń bá a na apá àti ẹsẹ̀ sọ fún wa pé èyí kì í ṣe ohun àjèjì, pé àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu wọn ṣùgbọ́n tí orin kò sọnù. Nítorí náà, kì í ṣe ti fàájì nìkan ni mo bá lọ sí Ilé-Epo. Mo rò pé mo ń ra ọ̀rọ̀ padà fún bàbá mi ni.

Mo fi mẹ́mórì náà sínú rédíò rẹ̀. Orin kìn-ín-ní lọ, ó mi orí. Orin kejì lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìkẹta ni orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, láti inú àwo tí Obey ṣe ní ọdún 1973, èyí tí ó fi sọ ìtàn bàbá kan, ọmọ rẹ̀ àti ẹran tí wọ́n ń gùn. Ta ni kò mọ ìtàn náà? Bí bàbá bá gùn ún, ayé a bú u. Bí ọmọ bá gùn ún, ayé a bú u. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n gbà tí ẹnu ayé kò bá wọn dé ibẹ̀. Ètè bàbá mi ti ń mì. Mo rí i pé ó ti gbá ìtàn náà mú, ó sì ń tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ. Lójijì ni díjéè kan pariwo orúkọ ara rẹ̀ lórí orin náà, gìtá yí padà, orin mìíràn wọlé.

Ẹnu bàbá mi ṣì là sílẹ̀. Ó wo rédíò, ó wò mí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde: "Ta... ta ló gé e?"

Ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù tí ó sọ ní ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ òsì júwe pé kí n pa á.

Mo tún rántí ọjọ́ yìí ní oṣù tí ó kọjá, nígbà tí ọmọ àbúrò bàbá mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Obey. Ó ní kí n fi àkójọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí òun, èyí tí gbogbo orin rẹ̀ tí ó gbayì jù wà nínú rẹ̀, kí òun má baà ṣìnà. Ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Ọkùnrin tí ó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí ó sọ ọ́ di Inter-Reformers lẹ́yìn náà, tí ó sì ń gbé àwo jáde léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún: níbo ni ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò ti bẹ̀rẹ̀?

N kò ní purọ́, inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú dáńfó tí ó ń lọ láti Ìyànà-Ìpájà sí Ìkòtún ni mo ti kọ́kọ́ fetí sí Obey gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí awakọ̀ ti ń lu àdàlù orin àtijọ́ kí àwọn èrò má baà bínú. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn jùjú nìyẹn. Kódà nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì, mo kọ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún lórí ìlò òwe nínú orin rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní máàkì tí ó dára, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì gbọ́ ojú àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Ègbè nìkan ni mo mọ̀. Bí olùkọ́ mi bá ka èyí, kí ó jọ̀wọ́ má gba máàkì rẹ̀ padà.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni bí àwọn àwo wọ̀nyẹn ti rí. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwo ńlá ti gbòde, olórin jùjú kì í sábà ka orin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Ojú àwo kan lè gba ìṣẹ́jú méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orin kan a sì wọ inú ìkejì láìsí ìdákẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní òde àríyá. Ìdúpẹ́ lè ṣíwájú, òwe a tẹ̀ lé e, a kí olówó kan àti aya rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ohùn ènìyàn yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí gángan àti gìtá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá yọ ègbè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kúrò nínú èyí, ẹran ni ó ṣà nínú ìkòkò. Ẹran dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àlejò tí a gbé e fún kò ní mọ irú ọbẹ̀ tí a sè.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo olórin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. I. K. Dáíró, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963, àwo kékeré ni ó fi gbajúmọ̀, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta tí ó dá dúró fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá kó ogún nínú rẹ̀ jọ lónìí, kò gé ohunkóhun. Ohun tí oníjó ìgbà náà gbọ́ ni ìwọ náà gbọ́. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀, àwo Dáíró sì kéré láti ilẹ̀ wá.

Sunny Adé ni ó tilẹ̀ ń dà mí lọ́kàn rú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gbé Juju Music jáde fún un ní ọdún 1982, tí Martin Meissonnier ará Faransé sì bá a ṣètò rẹ̀, orin méje ni ó wà nínú rẹ̀, lára wọn sì ni àwọn tí ó ti kọ nílé tẹ́lẹ̀ tí ó wá tún ṣe, tí ó sì kúrú ju bí a ti ń gbọ́ ọ nílé lọ. Kí ni a ó pe ìyẹn bí kò ṣe àṣàyàn? Ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà wọ inú jùjú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀, lójú tèmi, ni pé olórin fúnra rẹ̀ ni ó tún un kọ, tí ó mọ ibi tí yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Kì í ṣe ẹlòmíràn ni ó mú àáké sí i.

Nítorí pé ẹni tí ó ń ṣàṣàyàn máa ń ní ohun tí ó fẹ́ kí o mọ̀, ó sì máa ń ní ohun tí kò fẹ́ kí o mọ̀. Ẹ wo Legend, àkójọ orin Bob Marley tí ó jáde ní ọdún 1984, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orin mẹ́rìnlá ni ó wà nínú àwo náà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, kò sì sí ẹyọ kan láti inú Survival ti ọdún 1979, àwo tí Marley fi bá ilẹ̀ Áfíríkà sọ̀rọ̀ jù lọ. Ọkùnrin tí ó lọ kọrin níbi ayẹyẹ òmìnira Zimbabwe ní oṣù kẹrin ọdún 1980, inú àkójọ náà ni ọ̀pọ̀ wa ní Èkó ti mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ ọ́n sí olórin ìfẹ́. Ti Fẹlá kò yàtọ̀ púpọ̀. Zombie ti ọdún 1976 lé ní ìṣẹ́jú méjìlá, fèrè sì ti rìn jìnnà kí Fẹlá tó la ẹnu. Ẹni tí ó bá gé e kí ó lè yá yóò gbọ́ èébú, kò ní gbọ́ ìbínú tí ó ń kóra jọ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí náà, mo wá orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lódindi. Àwọn àwo tí bàbá mi ní tẹ́lẹ̀ ti bá àgbàrá òjò lọ, nígbà tí omi wọ ilé tí a ń gbé tẹ́lẹ̀. Bàbá kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa ni ó ní òmíràn, pẹ̀lú giramafóònù tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò jẹ́ kí n gbé àwo náà kúrò níbẹ̀ o. Ó ní kí n mú fóònù mi wá kí n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbà á lójú méjèèjì, pẹ̀lú ariwo abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ń polówó ẹ̀wà.

Nígbà tí mo lù ú fún bàbá mi, mo jókòó sí iwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìtàn náà láti ilé dé ọ̀nà, láti ọ̀nà dé ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó jáde gaara, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó fò. Mo fẹ́ pa á nígbà tí ojú kìn-ín-ní tán, ó mi orí pé rárá. Ojú kejì bẹ̀rẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí láyé mi, kò sì sí nínú àkójọ kankan tí mo mọ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni tí ó fẹ́ lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Ó ní, "Múṣin."

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní yàrá kan ṣoṣo ni àwọn ní ní Múṣin lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, àti pé ojú kejì yìí ni aládùúgbò wọn máa ń lù ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ojú kìn-ín-ní ti họ. "Òun la ń bá wọn jó lọ́fẹ̀ẹ́," ni ó wí. N kò mọ̀ rárá pé bàbá mi ń jó rí.

Nítorí náà, n kò fi àkójọ kankan ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo padà sí ọ̀dọ̀ bàbá onígiramafóònù, mo gba ojú kan sílẹ̀ nínú Board Members, àwo ọdún 1972 tí Obey fi ki àwọn ènìyàn ńláńlá ìgbà náà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má fọ abọ́, kí ó má tẹ fóònù.

Ọjọ́ kẹta ni ó tó dáhùn. Ó ní ariwo ẹlẹ́wà yẹn dùn mọ́ òun. Ó ní gìtá náà kò fẹ́ kúrò lórí òun. Ó wá béèrè pé, "Àǹtí mi, ta ni gbogbo àwọn tí wọ́n ń dárúkọ yẹn?"

Èmi náà kò mọ púpọ̀ nínú wọn. Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá bàbá mi lórí àga rẹ̀, mo sì tún orin náà lù. Ó ti sọ ti ẹni méjì fún mi, ọ̀rọ̀ kan lónìí, ọ̀rọ̀ kan lọ́la. A ti bẹ̀rẹ̀ ẹnì kẹta láti ìrọ̀lẹ́ àná.