Àwọ̀ Àbínibí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré àtijọ́ kan tí ó pupa fòò níbi ìpàtẹ, tí oòrùn ń tàn sí i lára, lè rò pé bí ó ti pupa yẹn náà ni ó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n pupa náà lè jẹ́ ẹ̀wù kẹta tàbí ìkẹrin tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ mìíràn lè wà tí ojú ènìyàn kò tíì kàn fún ogójì ọdún. Wíwá àwọ̀ àkọ́kọ́ yìí rí ti di iṣẹ́ tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi gbogbo ọkàn ṣe. Iṣẹ́ náà jọ ti adájọ́: ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ẹ̀rí, ó sì ní àṣìdá tí kò ṣeé tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá rẹ̀ papòdà, ó sì fi ọkọ̀ Jaguar E-Type kan sílẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n ṣe ní 1962. Pupa ni obìnrin yìí mọ ọkọ̀ náà sí láti kékeré. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó máa ń rí lára rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àkísà àti omi. Nígbà tí àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ọkọ̀ wá wò ó, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kí ó bó gbogbo ọ̀dà náà kúrò, kí ó dá ọkọ̀ padà sí àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́, nítorí pé àwọn onídàájọ́ níbi ìdíje àti àwọn olówó tí ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa bọ̀wọ̀ fún èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ìwé rẹ̀ mu. Báyìí ni ìbéèrè méjì ṣe dojú kọ ọ́. Èkíní ni pé, kí ni àwọ̀ àkọ́kọ́ náà? Èkejì ni pé, bí ó bá mọ̀ ọ́n, ṣé dandan ni kí ó dá a padà?

Ìwé ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹta 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ fi E-Type han gbogbo ayé ní ìlú Geneva, wọ́n sì ń ṣe é ní Browns Lane, ní ìlú Coventry, títí di 1974. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 72,000. Ní 2005 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ dúró ní Browns Lane, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ kò bá ilé iṣẹ́ náà lọ. Àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 láti tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jaguar ni ó ń pa á mọ́. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ lè kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n wo nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí ó sọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ ara ọkọ̀, àwọ̀ awọ ìjókòó àti ọjọ́ tí ọkọ̀ jáde. Nígbà tí èsì obìnrin náà dé, ohun tí ó bá níbẹ̀ ni Opalescent Silver Blue, ìyẹn àwọ̀ ojú ọ̀run tí ó rẹ̀ díẹ̀, tí ó sì ń dán bí fàdákà nítorí ẹ̀rún alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ni ìwé ń sọ̀rọ̀ fún báyìí. Lára àwọn ọkọ̀ MGA ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abingdon ní 1955, lẹ́tà kẹta tí ó ṣáájú nọ́ńbà ọkọ̀ ni ó ń tọ́ka sí àwọ̀. Lára Porsche àtijọ́, pẹlẹbẹ irin kékeré kan wà ní òpó ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ rọ̀ mọ́, nọ́ńbà ọ̀dà sì wà lára rẹ̀. Àwọn Corvette tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1963 náà ní pẹlẹbẹ tiwọn: ẹni tí ó bá bá 923 níbẹ̀ lára ti 1963 ti mọ̀ pé Riverside Red ni, ẹni tí ó bá sì bá 936 ti mọ̀ pé Ermine White ni. Ti Corvette 1953 tilẹ̀ rọrùn jù lọ. Ọ̀ọ́dúnrún péré, 300, ni wọ́n ṣe ní ọdún náà ní ìlú Flint, funfun tí wọ́n ń pè ní Polo White sì ni gbogbo wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé dúdú kan wá tí ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é ní 1953 nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Akọ̀wé lè ṣi ìlà kọ. Ẹni tí ń ta ọkọ̀ lè ti tún un kùn kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó san owó. Pẹlẹbẹ irin ṣeé tú lára ọkọ̀ kan, kí wọ́n kàn án mọ́ òmíràn. Nítorí náà ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ṣe máa ń pe ẹlẹ́rìí kejì, èyí tí í ṣe ọ̀dà fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá tún ọkọ̀ kùn kì í sábà dé kọ̀rọ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ni òótọ́ máa ń sá pamọ́ sí: ẹ̀yìn awọ tí ó bo inú ilẹ̀kùn, abẹ́ rọ́bà etí búùtù, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, abẹ́ àmì orúkọ ọkọ̀. E-Type tún ní ibi méjì mìíràn tí ó dára. Ìdè méjì péré ni ó di òkè pátákó àárín dáṣíbọ́ọ̀dù mú, bí wọ́n bá tú wọn, pátákó náà yóò dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì hàn. Èkejì ni àwọn irin tí ó gbé ẹ́ńjìnnì dúró níwájú, nítorí pé àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ara ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kùn wọ́n. Irú ibi òkùnkùn báwọ̀nyí ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn: oòrùn a máa ṣá ọ̀dà. Ẹ̀rọ tí ń wọn àwọ̀ wà lóde òní, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e lé ojú ibi tí oòrùn ti pa, àwọ̀ tí ó ti ṣá ni yóò wọ̀n.

Níbi tí kò bá sí kọ̀rọ̀, wọn a fi omi àti sáńpépà tí ó kúnná ha ojú ibì kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ̀ lọ. Wọn a bo imú, nítorí pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí wọ́n bá ń ha á díẹ̀díẹ̀, òrùka yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí èyí tí ó wà nínú igi tí wọ́n gé. Irin ni yóò wà láàárín. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ yóò yí irin ká, àwọ̀ àkọ́kọ́ yóò yí ìpìlẹ̀ ká, àwọn tí ó dé lẹ́yìn yóò sì tò tẹ̀lé ara wọn bọ̀ wá sí òde. Bí ó bá ku iyèméjì, wọn a fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú tínà kan ọ̀dà náà. Ọ̀dà sẹ́lúlóòsì ayé àtijọ́ yóò yọ́ mọ́ àkísà. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ohun amúnile lóde òní kò ní yọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ orúkọ kàn. Funfun, dúdú àti pupa ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ nínú èdè Yorùbá, pupa nìkan sì ń gba ẹ̀jẹ̀, epo àti erùpẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè kì í dúró síbẹ̀: yóò ní pupa fòò, pupa rúsúrúsú, dúdú kirikiri, yóò ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí wọ́n kó jọ, wà nínú ìṣòro kan náà. British Racing Green, àwọ̀ ewé tí ọkọ̀ ìdíje wọn ń wọ̀ nígbà tí Ítálì ń wọ pupa tí Faransé sì ń wọ àwọ̀ ojú ọ̀run, kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Ti ilé iṣẹ́ kan lè dúdú ju ti èkejì lọ. Nítorí náà, orúkọ inú ìwé kò tó láti fi ra ọ̀dà. Ojú ni a fi ń mọ àwọ̀, orúkọ kàn ń júwe rẹ̀ ni.

Obìnrin náà tú ìdè méjèèjì, ó sì dojú pátákó dáṣíbọ́ọ̀dù bolẹ̀. Àwọ̀ ojú ọ̀run náà ń dán níbẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ó wo àwọn irin ẹ́ńjìnnì, òun náà ni. Ìwé kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ha kọ̀rọ̀ kan nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn kò rí àwọ̀ ojú ọ̀run kankan. Pupa ni ó wà lókè, funfun bíi wàrà ni ó wà nísàlẹ̀, irin sì ni ó tẹ̀lé e. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mìíràn ni.

Ìgbà yìí ni ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ ti sọ rí, pé ní ọdún tí ó ṣáájú ìbí òun, bàbá òun fi ọkọ̀ kọ lu igi kan ní òru òjò, Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ọkọ̀ náà ni. Bàbá rẹ̀ ti wá bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù funfun, ó ti gbé e sí àyè èyí tí ó bàjẹ́, ó sì ti kun gbogbo ọkọ̀ ní pupa kí iwájú àti ẹ̀yìn lè bá ara wọn mu. Pupa tí wọ́n ní kí ó bó dànù ni àpá egbò bàbá rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Òwe náà kò ṣì. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó bo nǹkan kọ́ ni irọ́. Ọ̀dà tí wọ́n bá bó kò ṣeé dá padà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kun ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà sì ni bàbá kan ń kun ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti inú ewu jáde. Obìnrin náà kọ gbogbo ohun tí ó rí sínú ìwé kan, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ó wà, kí ẹni tí yóò ni ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má baà ṣi ẹjọ́ dá. Ó gbé pátákó dáṣíbọ́ọ̀dù padà sókè, ó sì di ìdè méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó bu omi, ó mú àkísà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu pupa náà.