Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Wa Hó Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ìrìn-àjò kan ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ìrìn-àjò náà ì bá dùn, ṣùgbọ́n ìkánjú èmi gan-an ni ó fẹ́ bà á jẹ́.

Ní ọdún 2019, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa ń lọ síbi ètò yìgì kan ní Adó-Èkìtì, wọ́n sì ní kí n sìn wọ́n lọ. Àwa 18 ni a wà nínú bọ́ọ̀sì, láìka àwọn ọmọ tí ìyá wọn pọ̀n. Ìyá Oníresì, ìyá àgbà tí ó tọ́ ìyàwó dàgbà, ni ó jókòó níwájú, nítòsí dẹ́rẹ́bà. A kírun Àsùbáà tán ní Ìbàdàn kí a tó gbéra. A gba Ilé-Ifẹ̀ kọjá, a dé Iléṣà nírọ̀rùn. Abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó kò kúrò láàárín, níbi tí ó yẹ kí ó wà.

Ìwàràjà ni a ti yà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà yìí rí kò ní gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá Ẹ̀rìnmọ̀, òkè ni ẹ óò máa gùn. Ọ̀nà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àpáta ń bẹ lápá kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bẹ lápá kejì, igi sì ṣú dùdù dé ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá fi aṣọ bo ọmọ wọn. Otútù yìí ni ó tàn mí jẹ. Bí ara tiwa ti ń tutù ni ẹ́ńjìnì ń gbóná.

Dẹ́rẹ́bà ní: "Ààfáà, abẹ́rẹ́ yìí ń gòkè o. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀."

Mo wo aago ọwọ́ mi. Aago mọ́kànlá ni yìgì. Mo ní: "Máa rọra lọ, a óò dúró ní Ẹ̀fọ̀n." Ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún mi, ó ń lọ. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi ń rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ sì figbe ta.

A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnì. Ó mú àkísà, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ìyá Oníresì pariwo: "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀! Ìkòkò tí a dé pa tí ó ń hó, ṣé ojú ni o fẹ́ fi gba ooru rẹ̀?"

Òótọ́ ni ìyá sọ. Omi inú ìkòkò tí a kò dé a máa hó ní ìwọ̀n 100 ti Celsius. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ há omi mọ́lẹ̀, omi náà sì lè gbóná tó nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, gbogbo rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i.

A kó àwọn ọmọ jìnnà sí ojú títì, a sì jókòó sórí koríko fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí ọwọ́ lè gba rédíétọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí ọ̀ràn.

A kọ́kọ́ wo omi. Ó ti dín tó lítà mẹ́ta. A wo àwọn rọ́bà omi, a rí i pé ti ìsàlẹ̀ ń sun níbi tí irin ti dè é. Dẹ́rẹ́bà fún irin náà le. A fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì fáànù, kò dẹ̀. A fa ọ̀pá òróró wò. Bí òróró bá ti dà bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ tan ọkọ̀ náà mọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn a wo iwájú rédíétọ̀. Eruku, koríko àti kòkòrò ti dí i bí aṣọ. Ìgbálẹ̀ tí Ìyá Oníresì ń gbé lọ sí ìdí ìdáná ni a fi gbá a.

Ẹ̀yin yóò bi mí pé, kí ló dé tí kò gbóná ní Ifẹ̀? Nínú epo tí ẹ́ńjìnì ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń di agbára ìrìn. Ooru ni ìyókù. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, atẹ́gùn ìrìn ń gbé ooru náà lọ. Lórí òkè, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, ọkọ̀ kò sì sáré, atẹ́gùn kò tó. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń gbóná lórí òkè nìkan, ẹ fura sí rédíétọ̀ tí ó dí tàbí omi tí ó dín. Bí ó bá jẹ́ pé nínú sún-kẹẹrẹ ni ó ń gbóná, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bí ó bá ti sáré, ẹ fura sí fáànù.

Omi àlùwàlá tí àwọn obìnrin gbé dání nínú kẹ́ẹ̀gì ni a rọra dà sí i. Ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì tí ó gbóná, irin lè sán. A pa ẹ̀rọ amúlétutù, a lo gíà kékeré, a gun òkè náà dé Ẹ̀fọ̀n, a sì gba Àràmọ́kọ dé Adó.

Wọ́n ti so yìgì tán. Mẹkáníìkì kan ní Adó wò ó, ó ní bí a bá ti fi ipá wà á lọ síwájú díẹ̀ sí i, orí ẹ́ńjìnì ì bá ti wọ́.

Mo lọ bẹ Ìyá Oníresì. Òun ni ó ní ìdí láti kánjú ju gbogbo wa lọ, òun náà ni ó sì ní kí a fi ìkòkò sílẹ̀. Ó ní: "Ààfáà, ọmọ mi ń bẹ láàyè, mo sì rí i. Dẹ́rẹ́bà ni kí ẹ bẹ̀." Mo bẹ ọmọ náà lójú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn-àjò, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà wo omi ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Bí ó bá sì ní òun fẹ́ dúró, ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbàlagbà bí tèmi fi aago lé e lọ. Ó dìgbà kan ná.