Ìwé Tí A Kà Títí Ó Fi Ya

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ilé pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ adìwé sílẹ̀, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì bi mí pé, "Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín rán Bíbélì tó ti gbó, nígbà tí tuntun kún ọjà?" Mo dá a lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ tán lẹ́nu. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìríṣe ló sọ mí di adìwé.

Ìwé tó bá ti sọ ènìyàn di onígbàgbọ́ kò ṣeé fi òmíràn rọ́pò. Ìlà pupa tó fà sábẹ́ ẹsẹ kan ní ọdún tí ọmọ rẹ̀ kú, orúkọ àwọn ọmọ àti ọjọ́ ìbí wọn nínú èèpo iwájú, òróró tó kán sójú Sáàmù ní òru ọjọ́ tí àìsàn wọlé: èwo nínú wọn lẹ máa rí nínú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn? Ẹ sì tún rántí ohun tó ná àwọn tó fi ìwé wọ̀nyí lé wa lọ́wọ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló ṣe agbátẹrù iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Ó di 1884 kí odindi Bíbélì tó pé ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ ọdún 34 kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ààtàn nítorí pé èèpo rẹ̀ ṣí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́ tirẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé ìjọ kan ní Èkó, kó tó wá gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá odò Ògùnpa n'Íbàdàn. Kò ga, kì í pariwo. Ẹ̀wù funfun ló máa ń wọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sítáàṣì àti ìda la ń fọwọ́ kàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní òun kò lè wọ àkísà lọ bá Ìwé Mímọ́. Mo ti bá àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí nílùú òyìnbó ṣiṣẹ́ pọ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o.

Kì í fi ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé Bíbélì Atọ́ka kalẹ̀, á gbé e dúró lórí ẹ̀yìn rẹ̀, á jọ̀wọ́ rẹ̀ kó ṣí fúnra rẹ̀. Ó ní ibi tó bá ṣí sí, ibẹ̀ ni ọkàn ẹni tó ni ín wà. A rí Bíbélì tí Sáàmù 35 inú rẹ̀ ti dúdú fún ọwọ́, tí ojú ewé Léfítíkù sì lẹ̀ mọ́ra bí ó ṣe kúrò ní ilé ìtẹ̀wé. A mọ̀ pé ẹni yẹn ń bá ọ̀tá jà. A rí èyí tí gbogbo Jóòbù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. A rí Ìwé Àdúrà tó jẹ́ pé apá ìsìnkú nìkan ló gbó níbẹ̀, ti òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ti sin èèyàn púpọ̀. Ọ̀gá mi kì í bi oníbàárà léèrè ohun tó rí, kò sì gbà kí àwa ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́ níta. Ó ní àṣírí ìjẹ́wọ́ ni.

Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó ló ń lò, èyí tó ń rà lọ́dọ̀ àwọn Hausa ní Sábó. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé púpọ̀ nínú awọ tí àwọn òyìnbó ń pè ní mòrókò, tí wọ́n fi ń bo Bíbélì olówó iyebíye láyé àtijọ́, ilẹ̀ Hausa ló ti wá. Inú aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n ń gbé e gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú rẹ̀ pé ẹ̀sìn òyìnbó ni ẹ̀sìn Kristi, awọ yẹn ló máa mú sókè.

Irinṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni férémù ìránwé, igi ìrókò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Okùn mẹ́ta máa ń dúró gan-an lórí rẹ̀, a ó sì máa rán ìdìpọ̀ ojú ìwé mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá òsì igi náà ti fẹ́lẹ́ níbi tó máa ń fi ìgúnpá tì. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé e fún mi níwájú ìyàwó rẹ̀ àti àlùfáà wọn. Fírídọ̀ọ̀mù mi nìyẹn. N kò ka ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri sí nǹkan kan.

Òfin kan ló fún wa: ìwé tí o bá rán, o gbọ́dọ̀ kà á. Bí *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́* ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Mọ́kọ́lá ló gbé e wá, ó ti já sí mẹ́ta. Ó ṣí ojú ewé kan hàn wá tí òróró ti tàn ká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ ibí yìí o. Òru tí bàbá wọn kú ni mò ń kà á." Ọ̀gá mi gé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ yí etí àbàwọ́n náà ká, ó dẹ́kun síbi tí òróró bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé náà le padà, àbàwọ́n wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Mo wá kà á. John Bunyan ló kọ ọ́, apá kìíní jáde ní 1678. Torí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Bedford. Iṣẹ́ títún ìkòkò àti páànù ṣe ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Alátùn-únṣe ni, bíi tèmi. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá jẹ́ èrò Ìbàdàn: David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá, tó tẹ̀dó sí Kúdẹtì láti 1853. Òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wà nílùú nígbà Ogun Ìjàyè, tí ọ̀nà dí, tí oúnjẹ àti owó ẹyọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ẹni tó kọ àfonífojì òjìji ikú sí èdè wa mọ bí àfonífojì ti rí.

Láti kékeré ni mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bíṣọ́ọ̀bù sì ti gbọ́wọ́ lé mi lórí. Síbẹ̀, nídìí férémù yẹn ni mo ti mọ̀ pé èmi náà ru ẹrù. Mo ka bí ọkùnrin inú ìwé náà ṣe sá kúrò nílùú rẹ̀ tòun ti ẹrù lẹ́yìn, tí kò rí ẹni bá a sọ̀ ọ́, títí ó fi dé ìdí àgbélébùú tí ẹrù náà já fúnra rẹ̀, tó yí lọ, tó bọ́ sínú ibojì. Nígbà tí mo dé ibi tí òmìrán Àìnírètí ti há òun àti ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé kọ́kọ́rọ́ tó ń jẹ́ Ìlérí ti wà láyà òun látọjọ́ yìí, abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi rí mi, kò bá mi wí. Ẹni tó bá ka *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 yóò mọ̀ pé ìrìn àjò inú ìwé Bunyan ti wọ àwọn míì lọ́kàn ṣáájú mi.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ọ̀gá mi. Iṣẹ́ lọ, mo fẹ́yàwó, mo kọ́lé. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, Ògùnpa kún àkúnya. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ẹ̀mí tó bá omi náà lọ pọ̀ débi pé ó yẹ kí n tijú láti sunkún igi, ṣùgbọ́n mo sunkún férémù ọ̀gá mi. N kò rí i mọ́ títí dòní. Mo kan òmíràn, ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe òun.

Omi tún gbé ìwé àwọn oníbàárà lọ. Àwọn kan ní kí n san án, mo sì san fún gbogbo ẹni tí agbára mi ká. Àwọn tó ń sọ pé mo fi omíyalé bojú jẹ gbèsè kò wá wò mí lọ́sẹ̀ náà, tí mo sá ìwé ẹlẹ́rẹ̀ sórí okùn láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé, tí èmi àti ìyàwó mi ń fi ìwé ìròyìn sáàárín ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan kí omi lè fà, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀ lóru. Bíbélì tó wà n'Íbàdàn lónìí nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn kò kéré. Wọn kì í ka ìyẹn sí oore fún mi.

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ìwé tuntun di ọ̀wọ́n, èrò sì pọ̀ nídìí wa. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wa tà jù, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Gbogbo èèyàn ló gbà pé fóònù ló pa iṣẹ́ adìwé. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Gọ́ọ̀mù ló pa á. Ìwé tí a fi òwú rán, ẹ lè tú u, kí ẹ tún un rán, kí ọmọ yín sì tún tú u lẹ́yìn yín. Èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀, wọ́n ti gé ìṣẹ́po rẹ̀ dànù kó tó kúrò ní ilé ìtẹ̀wé. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i, gọ́ọ̀mù á là, ojú ewé á máa já bọ́, kò sì síbi tí abẹ́rẹ́ lè gbà mọ́. Ẹni tó ṣe é kò rò pé ẹnikẹ́ni máa kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìwé àdúrà ojoojúmọ́ tí wọ́n ń kó jáde lọ́dọọdún. N kò bá ọ̀rọ̀ inú wọn jà, mo ti rí ìbùkún gbà nínú wọn. Àmọ́ bí ọdún bá ti yí, wọ́n ti di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà. Ìwé tí ènìyàn kò padà sí kò lè mọ ìrìn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó kà ní ogún ọdún kò ní dúró dè é ní ọgọ́ta.

Ìjọ kan wà tí èmi ni mò ń tún Ìwé Orin wọn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tan orin sára ògiri wọlé. Ẹ̀rọ kọ́ ló dùn mí. Wọ́n kó ìwé náà sí yàrá ẹrù, ikán wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè mí.

Àwọn kan ní iṣẹ́ mi gbówó lórí. Òwú tí kì í jẹrà lówó lórí. Wọ́n ní mo di ìwé ìlò Sáàmù fún àwọn Aládùúrà, àwọn míì tún ní mo di Àlùkùránì. Òótọ́ ni, ọ̀gá mi ṣe é kó tó kàn mí, alákòóso ìjọ sì ni. Ìyá tó ń ka Sáàmù sómi nítorí ọmọ rẹ̀, Ọlọ́run ló ń ké pè. Ta ni mo jẹ́ tí n óò ti ìwé rẹ̀ padà? Wọ́n ní ká ní mo ra ẹ̀rọ gọ́ọ̀mù ni, ǹ bá ti lówó. Mo mọ̀. Ẹni tó bá sì gbé ìwé wá bá mi, mo fẹ́ lè bá ọmọ rẹ̀ tún un ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ ra Bíbélì fún ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí i láàárín kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú, ẹ rà á, ì báà wọ́n ju èkejì lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ méjì tí mo kọ́ ṣì ń ṣe é dáadáa n'Íbàdàn. Ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ nígbà tí òwú bá ti ń yọ, ẹ má dúró kó já tán. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, kó wá bá mi nílé. N kò ní gba kọ́bọ̀, àfi kó gbà láti ka gbogbo ìwé tó bá rán.