Ìjàpá Ìyá Aládìrẹ: Sítíárì Kékeré Gbé Wọn Dé Ládípọ̀

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé orí eku nìkan ni òwe náà mọ, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìrìn àjò ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tó gbéra lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, l'Ékòó, nítorí sítíárì ọkọ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọkọ̀ ayé òde òní. Ìjàpá ni, Volkswagen tí ọkọ ìyá náà rà ní 1976, ọdún kan lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ l'ọ́nà Òjó, l'Ékòó. Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, nítorí náà apá òsì ni sítíárì rẹ̀ wà. Bàbá ti lọ, Ìjàpá kò lọ. Ní 2003 ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn ní Mexico, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ kárí ayé, ṣùgbọ́n ti ìyá yìí ṣì ń gbé ẹrù àdìrẹ gun òkè, ó sì ń gbé e sọ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ara ìyá ń tóbi sí i, orúnkún kò sì ṣeé ká dáadáa mọ́. Sítíárì Ìjàpá fẹ̀ bí àtẹ. Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá ń fi ẹ̀yìn rìn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, bó ṣe ní kó yí i báyìí, sítíárì há mọ́ itan àti ìró. Ọkọ̀ kò yí. Bí kì í bá ṣe pé ó tètè tẹ bíréèkì ni, ọlọ́sàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ì bá ti bá ọsàn lọ.

Àwọn ọmọ ní ó tó gẹ́ẹ́. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ta ọkọ̀ yìí kó tó pa èèyàn."

Ìyá ní, "Ẹ fún mi di ìparí oṣù. Bí mi ò bá lè yí i láìsí ewu, ẹ tà á."

SÍTÍÁRÌ NÍNÚ ÀPÒ GAÀRÍ

Mẹkáníìkì ìyá, àgbà ọ̀gá tó mọ Ìjàpá bí ẹní mowó, ní wọn ò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ó tú sítíárì àtijọ́, ó jù ú sínú àpò gaàrí, ó di gáréèjì Kútọ̀. Bí kọndọ́kítọ̀ ṣe rí i, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ọkọ̀ tó kù ńkọ́? Àbí ẹsẹ̀ lẹ fi ń wà á?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín. Orí itan rẹ̀ náà ló gbé àpò ọ̀hún lé, wọ́n kọjá Ifọ̀, wọ́n kọjá Ṣàngó Ọ̀tà, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì fi ojú wọn rí nǹkan kí wọ́n tó dé Òṣòdì. Láti ibẹ̀ wọ́n wọ ọkọ̀ tó gba ọ̀nà Àpápá, wọ́n sọ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Toyota. Ládípọ̀ nìyẹn.

Ọjà yìí kì í ṣe ọjà à ń fi ojú kan wò. Níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wà lókìtì bí ẹní kó iṣu jọ. Lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì fara ti ara wọn. Epo dúdú ti sọ ilẹ̀ di dúdú. Ẹni tó ń ti ọmọlanke ń kígbe "Ẹ yà o!", àwọn ọ̀dọ́ ń fi Yorùbá, Ìgbò àti píjìn bi oníbàárà ohun tó ń wá. Páàtì Toyota pọ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n ti Ìjàpá, àfi kéèyàn máa bi léèrè lọ. Wọ́n bi títí wọ́n fi dé ìsọ̀ ọ̀dọ́kùnrin Ìgbò kan tó to sítíárì mọ́ ògiri bí ẹní to fìlà.

"Màmá, ẹ káàbọ̀," ni ọmọ náà wí. Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

MẸ́TA Ń DÁN, Ẹ YAN Ọ̀KAN

Àkọ́kọ́ pupa, ó ń dán, ojú ìyá kò sì kúrò lára rẹ̀. Mẹkáníìkì fa tépù yọ. Íǹṣì 12. Ó wọn ti inú àpò: ó súnmọ́ íǹṣì 16.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé sípánà gígùn ló ń tú nọ́ọ̀tì tó bá gan? Kúkúrú á máa dá èèyàn lápá. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítíárì. Ìjàpá ò ní páwà, apá yín ló ń yí táyà. Bí ẹ bá ti 16 bọ́ sí 12, ohun tó ń gba agbára mẹ́ta á máa gba mẹ́rin."

Ìyá fọwọ́ kan èjìká. "Èjìká tí làkúrègbé ń bá jà yìí? Ẹ gbé e kọ́ padà."

Èkejì jẹ́ íǹṣì 14, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jìn bí àwo ọbẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí ìyá jókòó sórí àpótí, ó gbé e síwájú rẹ̀ bí ẹni pé inú ọkọ̀ ni wọ́n wà. Etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ìjàpá ò ní báàgì afẹ́fẹ́ tí ń gba èèyàn sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, sítíárì ni àyà ń bá pàdé. Wọ́n gbé ìyẹn náà kọ́ padà.

Ẹ̀kẹta dúdú, íǹṣì 14 ni, inú rẹ̀ kò jìn, etí rẹ̀ sì nípọn díẹ̀, ó kún ọwọ́. "Láti 16 sí 14," ni mẹkáníìkì wí, "ohun tó ń gba agbára méje á gba mẹ́jọ. Ìyẹn ṣeé fara dà, torí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé íǹṣì méjì ni itan máa jèrè o. Ọ̀kan lọ lókè, ọ̀kan lọ nísàlẹ̀."

Ìyá lanu. "Íǹṣì kan? Gbogbo ìrìn àjò yìí, nítorí íǹṣì kan ṣoṣo?"

"Ìyá, íǹṣì kan náà ló ń há yín."

Ó ku irin ìdí sítíárì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bọ́ọ̀sì. Òun ló ní ehín tó ń wọnú ehín ọ̀pá ọkọ̀, ehín gbogbo Ìjàpá kò sì rí bákan náà. Ibẹ̀ ni àpò gaàrí ti wúlò. Wọ́n fi bọ́ọ̀sì kan wé ti àtijọ́, kò bá a mu. Èkejì bá a mu wẹ́kú. Ọmọ ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé, "Màmá, bí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù gbá a o." Ìyá ná an bí ẹni ń ná àdìrẹ, ọmọ náà dín díẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún ara wọn, ó parí.

IBI TÍ ỌLỌ́SÀN TI DÌDE

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì tú orí bátìrì, ó rí i pé táyà iwájú méjèèjì dojú kọ iwájú gan-an, ó wá so sítíárì tuntun. Ó yẹ wáyà fèrè wò, ó rí i pé tiráfíkétọ̀ ṣì ń padà fúnra rẹ̀, pé etí sítíárì kò bo aago eré, ó sì fún nọ́ọ̀tì ńlá náà dáadáa. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà iwájú bó ṣe yẹ, torí táyà tó bá rọ̀ máa ń mú kí sítíárì wúwo.

Ní pápá tó ṣófo, ìyá ní ó le lọ́wọ́ òun nígbà tí ọkọ̀ dúró. Mẹkáníìkì ní kó jẹ́ kí ọkọ̀ rọra máa yí ná kó tó yí ọwọ́. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ọwọ́ mọ́ ọn.

Kò tíì di ìparí oṣù tí àkọ́bí rẹ̀ fi jókòó tì í lọ sí Ìtòkú. Bí ọlọ́sàn ṣe rí Ìjàpá lókèèrè, ó ti gbé igbá, ó ti dìde. Ìyá bọ́ sí ojú ibi ìjọ́sí, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó yí sítíárì délẹ̀ lápá ọ̀tún, ó yí i délẹ̀ lápá òsì. Itan wà láyè tirẹ̀. Ọmọ ò dárúkọ títà mọ́. Ohun tó béèrè ni pé, "Mọ́mì, èló lẹ ra sítíárì yìí?"

Sítíárì àtijọ́ wà nínú yàrá ìyá, ó fi àdìrẹ wé e. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jù ú nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára ìyá yìí. Ẹ wọn itan yín, ẹ wọn èjìká yín, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní báàgì afẹ́fẹ́ nínú sítíárì, kó má tilẹ̀ dán an wò rárá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.