Àwọn Iṣan Tí Ń Jẹun

Bí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń bá pọ̀nmọ́ líle jà, ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀bátí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bí eyín bá ti pàdé, ibẹ̀ á wú díẹ̀. Bí ẹnu bá là, á rọlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn kà sí, bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ orí niṣẹ́ náà ti ń wá.

Iṣan ẹ̀bátí yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní temporalis, tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ agbárí bí abẹ̀bẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń sún jọ, títí tó fi gba abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá lọ di ṣóńṣó àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mú. Apá iwájú rẹ̀ ń fa àgbọ̀n sókè. Apá ẹ̀yìn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, ń fà á sẹ́yìn. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí a lè máa wò ó lára ẹlòmíràn kó má mọ̀.

Èyí tójú mọ̀ jù ni masseter, ẹran líle tó wà ní igun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fi ìka kan ibẹ̀ kẹ́ ẹ di eyín pọ̀, ẹ ó bá a pàdé. Ìta igun àgbọ̀n ló dì mú; iṣan kẹta, pterygoid ti inú, dì í mú láti inú, wọ́n wá há egungun náà sáàárín. Bá a bá ń fọ́ egungun adìyẹ, àwọn ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń payín keke lójú oorun máa ń jí pẹ̀lú ìrora níbẹ̀, ẹ̀bátí á sì máa fọ́ wọn. Wọ́n á ní ibà ló ń bọ̀.

Ìkẹrin kéré, ó sì fara pamọ́: pterygoid ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ìka síwájú etí kẹ́ ẹ lanu. Egungun tó ń yọ́ síwájú yẹn, òun ló ń fà á. Bí ti òsì nìkan bá fà, àgbọ̀n á yà sọ́tùn-ún. Ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí la fi ń lọ oúnjẹ kúnná. Àgbọ̀n tó bá kàn ń lọ sókè-sódò, gígé nìkan ló lè gé e.

Ahọ́n àti ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń da òkèlè padà sáàárín eyín. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í gbàṣẹ níbi táwọn mẹ́rin yẹn ti ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ìdajì ojú rẹ̀ rọ fi lè ṣì di eyín pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí oúnjẹ á máa há sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀ka kan lára okùn ìmọ̀lára karùn-ún, nínú 12 tó so mọ́ ọpọlọ, ló ń pàṣẹ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Okùn yìí kan náà ló ń gba ìròyìn láti ìdí eyín. Bí eyín bá gún òkúta inú ẹ̀wà pẹ́nrẹ́n, àwọn iṣan tó ń pa ẹnu dé á ti dẹ̀, ẹnu á ti là, ká tó mọ̀ pé òkúta ni. Lẹ́yìn náà la ó wá máa bèèrè ẹni tó ṣa ẹ̀wà.