Láàárín Etí àti Ojú Lórí Adágún Dídì

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tó fún ọmọ ènìyàn ní etí tó fi ń gbọ́ràn àti ojú tó fi ń ríran, tó sì fi ọkàn sí wa láyà kí a lè fi gbé ohun tí a gbọ́ àti ohun tí a rí yẹ̀ wò. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa tó mú kí a tún òwe náà rò. Orí ẹja ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ọmọ wa ló parí sí. Nítorí pé ó lè wúlò fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ni a ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀pẹ́ ni a ti wá, tọkọtaya. Apẹja ọ̀sà ni bàbá wa, kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n. Àwọ̀n àti ìgèrè ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Láti ọdún 2011 ni a ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní apá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí adágún omi ti ju 10,000 lọ. Bí ìgbà òtútù bá dé, ojú àwọn adágún náà a dì gbagidi, àwọn ènìyàn a sì máa rìn lórí wọn. Wọn a fi irin lu ihò sínú yìnyín náà, wọn a jókòó tì í nínú àgọ́ kékeré, wọn a sì ju okùn ìwọ̀ sínú omi tó wà nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni a ń pa. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé bí yìnyín kò bá tíì nípọn tó íǹṣì 4, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Arákùnrin wa kan ní mọ́sálásí, ọmọ ilẹ̀ Sòmálíà, ló kọ́kọ́ mú wa lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà wá débi pé ẹsẹ̀ wa ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ọkùnrin fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbọ́, ọmọ ọdún 15 ni ọmọ yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bó bá ti ti ilé ìwé dé, yàrá rẹ̀ ló ń wọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á ki nǹkan orin bọ etí. Bí a bá bi í ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹyọ kan ni yóò fi dáhùn. Ó ń kírun o, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń fi igi lé. Inú àgọ́ orí adágún yẹn nìkan ni ẹnu rẹ̀ ti máa ń ṣí. Níbẹ̀ ló ti ń sọ ti ilé ìwé rẹ̀, ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nítorí náà, yálà a rí ẹja pa tàbí a kò rí, a kì í fi Sátidé ṣeré.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wá ẹja, ti arákùnrin wa yẹn ni. Nígbà tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó di dandan kí a ra tiwa. Dọ́là 400 la rí tù jọ, kò sì tó ra ju ẹyọ kan lọ. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló sì wà: èyí tó ń fi ohùn wá ẹja, tí wọ́n ń pè ní sonar, àti kámẹ́rà tí wọ́n ń rì sínú omi.

Kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé sonar. Bí ènìyàn bá pariwo níwájú òkè, òkè a dá a lóhùn. Ọgbọ́n yìí náà ni. Lẹ́yìn tí yìnyín òkun rì ọkọ̀ Titanic ní ọdún 1912, àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà tí ọkọ̀ fi lè mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní ọdún 1914, Reginald Fessenden fi ìró tó ń padà mọ ibi tí òkè yìnyín wà lójú òkun. Ní Japan, ní ọdún 1948, àwọn ará ilé Furuno sọ irú ọgbọ́n yìí di ẹ̀rọ tí apẹja lè fi wá ẹja. Èyí tí a ń lò lórí yìnyín kéré, ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. A ó so ojú rẹ̀ kọ́ sínú ihò, yóò máa rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ lọ sísàlẹ̀. Ìró náà ń sáré tó nǹkan bí mítà 1,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi tútù, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́rin eré tó ń sá nínú afẹ́fẹ́. Bí ìsàlẹ̀ bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ìró á lọ, á bọ̀, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Iná á sì tàn lójú ẹ̀rọ: ewéko bí ohun tó kàn kò bá lágbára, pupa bó bá lágbára. Ìsàlẹ̀ omi á hàn, ìwọ̀ wa á hàn, ẹja tó bá wọ àárín wọn á hàn. Ìró náà ń fẹ̀ bó ti ń lọ sísàlẹ̀ bí ẹnu àrọ, tó fi jẹ́ pé ní ẹsẹ̀ bàtà 30, ó lè gba àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ṣùgbọ́n iná lásán ni. Kò ní sọ irú ẹja tó jẹ́, kò sì ní sọ ohun tó ń rò.

Kámẹ́rà ní tirẹ̀ ń fi ẹja hàn bí ẹja. Ènìyàn á rí lẹ́bẹ́ rẹ̀, á rí ẹnu rẹ̀ bó ti ń là á. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tó bá kọjú sí nìkan ló ń rí. Ẹja lè wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an kó má mọ̀. Bí omi bá dọ̀tí, kò ríran jìnnà. Bí òjò dídì bá bo ojú yìnyín, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé púpọ̀, bí a bá sì tan iná tó wà lára rẹ̀, ìdọ̀tí inú omi á máa dán padà sí i lójú bí iná ọkọ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́. Ó tún ń jẹ bátìrì ju sonar lọ, òtútù náà kì í sì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́.

Àwa òbí ní sonar ni a ó rà. Ọmọ ní kámẹ́rà ni. A sọ fún un pé owó wa ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò jiyàn. Ó kàn wọ yàrá rẹ̀ lọ. Sátidé méjì tẹ̀lé ara wọn, a pè é, ó ní òun kò lọ. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá, nítorí pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ láàárín wa, àwa la fi ọwọ́ ara wa tì í.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá wa pè láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí n kò gbọ́ ohùn ọmọ mi?" A rò fún wọn. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, "Ẹ ti bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi kámẹ́rà náà rí?" A ní rárá. Ìyá ní, "Háà! Ànábì Ibrahim tí Ọlọ́hun fi àlá pàṣẹ fún, ó ṣì bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó rò sí i. Àṣẹ Ọlọ́hun nìyẹn o. Ẹ̀yin, lórí ọ̀rọ̀ ẹja, ẹ kò lè béèrè?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lákínyẹmí ara. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a kan ilẹ̀kùn rẹ̀, a jókòó sílẹ̀, a sì béèrè. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Bí iná pupa yẹn bá ti tàn, ẹ̀yin á ní ẹja ti dé. Èmi ò mọ irú èyí tó dé. Nígbà mìíràn á dé, á wo ìwọ̀ wa, á tún padà. A kì í mọ ìdí tó fi padà. Èmi fẹ́ mọ ìdí tó fi padà."

A wo ara wa, a kò rí ọ̀rọ̀ sọ. A jọ fẹnu kò pé kí a yá ẹ̀rọ méjèèjì lọ́wọ́ ìsọ̀ kan tó wà létí adágún fún ọjọ́ kan, kí a fi ojú ara wa dán wọn wò kí a tó náwó.

Adágún Mille Lacs la lọ. Yìnyín ọjọ́ náà nípọn tó íǹṣì 16. A lu ihò méjìlá. Ní ihò kọ̀ọ̀kan, kò pé ìṣẹ́jú kan tí sonar ti sọ bí omi ti jìn tó àti bóyá nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. A ó máa tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, a ó máa yí i sọ́tùn-ún, a ó yí i sósì, òtútù á ti mú wa lọ́wọ́. Ní ihò kẹta, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ní kí a gbé kámẹ́rà tì ná. A kí ìrun Àìlà nínú àgọ́, a sì kí Àlááṣárì nígbà tí àkókò rẹ̀ tó. Orí ìbọ̀sẹ̀ aláwọ wa la fi ọwọ́ tútù pa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti fàyè gbà á.

Lẹ́yìn Àlááṣárì, ní ihò kẹsàn-án, iná pupa kan gbéra láti ìsàlẹ̀, ó gòkè wá bá ìwọ̀ wa, ó dúró, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà márùn-ún. Baba rẹ̀ tó mú ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ pààrọ̀ ìjẹ, kò gbà. Ó ń fi ìwọ̀ jó sókè-sódò láti pe ẹja náà, kò gbà. Ni ọmọ bá rọra sọ kámẹ́rà sínú ihò kejì tó wà nítòsí. Omi Mille Lacs mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí irú ẹ̀dá oníkarahun kékeré kan, zebra mussel, tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ní ọdún 2005, tó ń sẹ́ omi bí asẹ́. A sì rí ẹja náà. Walleye ni, ẹja tí ìpínlẹ̀ náà fi ṣe àmì ara rẹ̀ láti ọdún 1965. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò, nítorí Ọlọ́hun dá a láti ríran nínú òkùnkùn. Ó sún mọ́ ìwọ̀, ó fẹ́ gbé e mì, ìwọ̀ fò sókè, ó sì sá padà.

Ọmọ wa ní, "Dádì, ó fẹ́ wá o. Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n jù. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Baba rẹ̀ mú ọwọ́ dúró. A dákẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹja náà padà wá, ó wo ìwọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí wa títí di òní. Ọdún mélòó ni ọmọ yìí ti ń sún mọ́ wa, tí àwa sì ń fa okùn, tí à ń béèrè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, tí à ń fi ìwàásù jó sókè-sódò níwájú rẹ̀? A ń rí i pé ó padà. A kò rí ìdí tó fi padà.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú sonar, nítorí àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni walleye máa ń jẹun jù. Ibẹ̀ gan-an ni Mọ̀ngàríbà bọ́ sí. Àwa òbí ṣì ń wo iná. Ọmọ ló ká okùn tirẹ̀ sókè, ó ní, "Ìrun ti tó o," òun náà ló sì pè é. Ẹnikẹ́ni kò fi igi lé e.

Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ wálé, a sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yé wa, kámẹ́rà ni kí a rà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, sonar ni. Ó ní omi àwọn adágún tó sún mọ́ ilé wa dúdú, kámẹ́rà kò ní ríran nínú wọn, àti pé bí a kò bá kọ́kọ́ fi ohùn wá ibi tí ẹja wà, kí ni kámẹ́rà fẹ́ rí? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Sonar la rà. Ìgbà tí a bá ń lọ sí ibi tí omi ti mọ́, a ń yá kámẹ́rà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú méjèèjì, tí kì í jókòó sójú kan, tí omi ibẹ̀ kò sì mọ́, sonar ni kó kọ́kọ́ rà. Ẹni tó ti mọ ibi tí ẹja wà nínú omi tó mọ́, tí kò mọ ìdí tí wọn kò fi jẹ, kámẹ́rà ni yóò là á lóye.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá mọ ibi tí ọmọ yín wà, ó dára. Ẹ tún jókòó, ẹ béèrè ohun tó ń rí, kí ẹ sì mú ọwọ́ dúró nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ má ṣe dákẹ́ jù. Bí ẹ bá dákẹ́, iná pupa lásán ni a óò máa wò. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ́ ìtutù ojú fún wa, kí Ó sì má jẹ́ kí àwa náà jẹ́ ìdí tí wọn yóò fi padà sẹ́yìn. Àmín.