Ojú ń Ka Faransé, Etí ń Gbọ́ Yorùbá: Àwa àti Ìwé Ìfẹ́ ní Ekpè

Ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í ka ìwé ìfẹ́ kún ìwé. Bí ọmọbìnrin bá jókòó ti ìwé ìṣirò, wọn á ní ó ń kàwé; bí ó bá jókòó ti ìtàn olólùfẹ́ méjì, wọn á ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Síbẹ̀, àwa tí a fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ekpè kò kéré níye. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wa, aránṣọ wà, onídìrí wà, ìyálé ilé wà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan sì wà tí wọn kì í fẹ́ kí a dárúkọ àwọn. A ń kà á nínú ọkọ̀, a ń kà á lábẹ́ igi, a sì ń fi etí gbọ́ ọ lórí fóònù nígbà tí ọwọ́ wa bá dí. Nǹkan bí ọdún méjì ni àwa mélòó kan ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti jọ kà á, láti jọ gbọ́ ọ, àti láti jọ jiyàn lé e lórí. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni a fẹ́ fi tó ẹ̀yin òǹkàwé létí.

Ojú ọ̀nà tí ó so Kútọnu mọ́ Àjàṣẹ́ ni Ekpè wà, nínú agbègbè Sèmè-Podji. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn wa ń lọ sí Kútọnu fún iṣẹ́, fún ọjà àti fún ilé ìwé, láti ibẹ̀ sì ni ìwé ti ń wọ ilé wa. Kì í ṣe ilé ìtàwé ńlá ni a ti ń rà wọ́n. Àwọn tí ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní librairie par terre, ni oníbàárà wa. Níbẹ̀ ni a ti ń rí àwọn ìwé Harlequin tí ẹ̀yìn wọn ti ya, tí ẹni tí ó kọ́kọ́ rà wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé kìn-ín-ní. Ọdún 1949 ni wọ́n dá Harlequin sílẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà; ó dé ilẹ̀ Faransé ní 1978, ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Òjò dídì ń rọ̀ nínú àwọn ìtàn náà, ọkùnrin olówó ń gun ẹṣin, ọmọbìnrin ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ààrò. A kà wọ́n, a sì gbádùn wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn ẹja yíyan àti atẹ́gùn òkun ni ó ń fẹ́ sí wa lára bí a ṣe ń ṣí ewé wọn.

Ní ọdún 1998, ilé ìtẹ̀wé Nouvelles Éditions Ivoiriennes ní Abidjan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé kan tí wọ́n pè ní Adoras. Ìwé kékeré ni wọ́n, wọ́n sì wọ àpò. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú wọn ni pé àwọn olólùfẹ́ inú wọn ń gbé ní ìlú tí a mọ̀, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí a mọ̀, àna wọn sì ń dá sí ọ̀rọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí àna wa ti ń dá sí tiwa. Lórílẹ̀-èdè wa níhìn-ín pàápàá, Adélaïde Fassinou tẹ Yémi ou le miracle de l'amour àti Modukpè, le rêve brisé jáde ní ọdún 2000. Ẹ wo orúkọ méjèèjì náà: Yémi, Modukpè. Orúkọ tiwa ni. Inú wa dùn láti rí wọn lẹ́yìn ìwé. Ṣùgbọ́n Faransé ni a fi kọ ìtàn wọn, Faransé náà sì ni a fi ń kà á. Ọmọ wa di ẹni tí a ń fẹ́ nínú ìwé, èdè wa kò tíì dé ibẹ̀.

Èyí yà wá lẹ́nu nígbà tí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1929, ní Èkó, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Sẹ̀gilọlá ti dàgbà, àìsàn ti dá a wó, ó sì ń sọ nípa gbogbo àwọn ọkùnrin tí ó fẹ́ràn nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, láì fi ẹwà rẹ̀ pa mọ́ àti láì fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ pa mọ́. I. B. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn débi pé àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ka ìtàn yìí sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1929 kan náà, Félix Couchoro, ọmọ tí a bí ní Ouidah, tẹ L'Esclave jáde ní Paris: ìtàn ẹrú kan tí ó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó ọkùnrin tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan náà, tí ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ yìí sì yọrí sí ikú. Nígbà tí ó di ọdún 1962, Couchoro ń tẹ ìtàn rẹ̀ ní ìpín-ìpín sínú Togo-Presse ní Lomé, àwọn ará ìlú sì ń dúró de èyí tí ó kàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àṣà òyìnbó ni ìtàn ìfẹ́, kí ó rántí pé ẹnu ọ̀nà ìtàn àròsọ wa gan-an ni ìfẹ́ ti jókòó dè wá.

Kí ló wá dé tí ọwọ́ wa kò fi kún fún ìwé ìfẹ́ ní Yorùbá? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ilé ìwé. Faransé ni a fi kọ́ wa ní a, b, d. Púpọ̀ nínú wa ń sọ Yorùbá láti inú ilé, a ń fi ṣàwàdà, a ń fi gbàdúrà, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ojú ewé Yorùbá tí àmì ohùn kún orí rẹ̀ fún wa, a ó máa tọ́ ọ wò bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta nínú omi. Ojú wa ń ka Faransé, etí wa ni ó ń gbọ́ Yorùbá. Àwọn ìyá wa kan kò sì kà á ní èdè kankan. Fún irú àwa bẹ́ẹ̀, ìwé àfetígbọ́ kì í ṣe ìwé ọ̀lẹ. Òun ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ìtàn ìfẹ́ lè gbà wọlé ní èdè tí ọkàn wa gbọ́.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wa á ka orí ìwé kan ní Faransé. Èkejì á tún un sọ ní Yorùbá. A ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ara wa àti sí àwọn ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni a ń gé e sí, kí ó má baà jẹ forfait wọn tán. Àwọn ìyá á gbọ́ ọ nídìí ọjà, nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja, wọn á sì fi ohùn tiwọn dáhùn. A kì í tà á, a kì í sì í gbé e sí gbangba, nítorí òǹkọ̀wé ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ le fún wa jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré méjì: vous àti tu. Nínú ìwé ìfẹ́ Faransé, ọkùnrin àti obìnrin tí wọn kò tíì mọ ara wọn á máa pe ara wọn ní vous. Wọ́n lè fi ọgọ́rùn-ún ojú ewé bá ara wọn jà pẹ̀lú vous. Lọ́jọ́ kan, lójijì, ọ̀kan nínú wọn á sọ pé tu. Òǹkàwé kò nílò àlàyé; ó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Bí a bá gbé e sí Yorùbá bí ó ti wà, ẹ̀yin á di ìwọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òdìkejì ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń gbà lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin lè máa pe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ní ìwọ nígbà tí wọ́n jọ ń ṣeré. Lọ́jọ́ tí ó bá di ọkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò kọ́ ọ pé kí ó máa wí pé ẹ̀yin. Ohun tí ó jẹ́ ìsúnmọ́ra lọ́dọ̀ àwọn Faransé lè di àfojúdi lọ́dọ̀ tiwa.

A jiyàn lórí rẹ̀ títí. Ìyá kan tí ń ta ẹja yíyan ni ó là wá lọ́yẹ. Ó ní, "Ẹ fi ẹ̀yin àti ìwọ sílẹ̀ jàre. Ṣé ọkùnrin náà kò mọ oríkì rẹ̀ ni?" Òótọ́ ni. Àníkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́: ìkẹ́ ni ó wà nídìí gbogbo wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń fi oríkì pe ọmọbìnrin. Ìyá rẹ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà rẹ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá sì pè é bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Nítorí náà a fún ọmọbìnrin inú ìwé náà ní oríkì, ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ni ó sì ń fi pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ojú ewé tí tu wà, a mú kí ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́ pé, "Àníkẹ́." A fi í ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn ìyá wa ti dé láti inú ariwo ọjà: "Háà! Ó ti kó sí pańpẹ́ ìfẹ́!" Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé tu wà níbẹ̀.

Ìwé tí ó tún mú wa lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí tí a da ìfẹ́ pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rù. Ẹnì kan ń dọdẹ ọmọbìnrin kan, kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin tí ó dúró tì í ni yóò gbà á là tàbí òun gan-an ni apànìyàn. Ó dára láti gbọ́ lóru, bí ẹni tí ó ń kà á bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin náà ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin yìí káàkiri láì jẹ́ kí ó mọ̀, ó sì ń ka àwọn lẹ́tà rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ dáàbò bò ó. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ náà dán, ó sì dùn. A kà á kọjá. Ní Yorùbá, a ní láti wí pé: "Ó ń ṣọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó ń tú fóònù rẹ̀ wò nígbà tí ó bá sùn." Gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja béèrè pé, "Ṣé olólùfẹ́ ni eléyìí, àbí olè?"

Iyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní apànìyàn wà níta lóòótọ́, kò sí ohun mìíràn tí ọkùnrin náà lè ṣe. Ẹlòmíràn ní ó lè sọ fún un. Ẹnu wà lára rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wa kò sọ ohunkóhun ní gbogbo ọ̀sán náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi nọ́mbà fóònù tuntun ránṣẹ́ sí wa, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má fún ẹnikẹ́ni. A kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ìbẹ̀rù àwọn àgbà kì í ṣe asán. Ìwé ìfẹ́ lè purọ́. Ó lè sọ owú di ìtọ́jú, kí ó sọ ipá di ìfẹ́, àti ẹni tí ó dá nìkan kà á lábẹ́ aṣọ ìbora kò ní ẹni tí yóò bi í pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí?" Ṣùgbọ́n bí a bá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, irọ́ náà ti wà lọ́kàn rẹ̀, a kàn lé e padà sí kọ̀rọ̀ ni. Bí ìtàn náà bá wá sí ojútáyé, tí ìyá, ọmọ àti ọ̀rẹ́ jọ gbọ́ ọ ní èdè tí kò ní ibi ìsápamọ́ sí fún wọn, a ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àwọn bàbá ńlá wa ti ń ṣe nídìí àlọ́ nìyẹn: ẹni tí ó gbọ́ náà ní ẹnu láti dáhùn.

A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìwé ìfẹ́ gba ohùn Yorùbá, kì í ṣe ní ọwọ́ àwa aláfẹnuṣe nìkan. Fún ọjọ́ àwọn olólùfẹ́ ní ọdún 2015, Ankara Press ní Nàìjíríà kó ìtàn ìfẹ́ kúkúrú jọ láti ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, wọ́n túmọ̀ wọn sí àwọn èdè wa, wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún ni ó túmọ̀ ìtàn Sarah Ládipọ̀ Manyika sí Yorùbá. Ní ti ìtàn tí ń mú àyà ẹni já, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi Àjà Ló Lẹrù hàn wá láti ọdún 1969 pé Yorùbá lè sá eré, kí ó sì fi ara pa mọ́. Ohun èlò kò wọ́n wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, apá Faransé ni ẹ óò ti kọ́kọ́ ṣí i, a mọ̀. Ẹ mú orí kan nínú ìtàn tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ tún un sọ ní Yorùbá fún ẹnì kan tí ó ju yín lọ. Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀, ẹ bi ìyá àgbà yín bí bàbá àgbà yín ṣe sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó lè kọ́kọ́ lé yín jáde. Ẹ padà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ó bá ní ọwọ́ ìkọ̀wé nínú yín kọ ìtàn ìfẹ́ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ekpè, lórí ìyanrìn wa níbí, lẹ́yìn zémidjan, ní ọ̀nà Àjàṣẹ́. Àwa ti ṣe tán láti yá a ní ohùn.